Ṣé Ọ́ìlì Tàbí Èròjà Inú Ìgò Lè Fọ Fáníìṣì Kúrò Nínú Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó bá ṣí ojú ihò ọ́ìlì mọ́tò rẹ̀, tó wo inú, tó sì rí irin tó ti di aláwọ̀ oyin, kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn oríṣiríṣi: da ìgò báyìí sí i, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, bọ́ sórí ọ́ìlì olówó ńlá. Èrò tèmi ni pé ọ́ìlì tó bá ìlànà mu, tí a ń pààrọ̀ lásìkò, ló dára jù lọ láti mú fáníìṣì dín kù láìséwu, àti pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí sọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára ọ́ìlì.

Kí ni fáníìṣì inú ẹ́ńjìnnì gan-an?

Fáníìṣì ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó le, tó sì ń dán, tí ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ ń fi sílẹ̀ lára irin. Àwọ̀ rẹ̀ lè dà bí oyin ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì máa ṣú lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọ́ìlì tó gbóná máa ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì pístìn bọ́ sísàlẹ̀ ń gbé àwọn èròjà náítírójìn wá bá a. Ohun tí èyí ń bí ni ásíìdì àti àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tó ń so mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń wúwo sí i, títí wọn kò fi lè yòrò nínú ọ́ìlì mọ́. Nígbà náà ni wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ irin, ooru á sì sè wọ́n le, gẹ́gẹ́ bí epo dídín ṣe máa ń gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ páànù tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn wà láti dá a mọ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nu ibi tí àwọ̀ náà wà, tí aṣọ náà kò sì gbé nǹkan kan kúrò yàtọ̀ sí ọ́ìlì lásán, fáníìṣì ni. Bí ohun dúdú tó rọ̀ bá tẹ̀lé aṣọ náà, nǹkan mìíràn lẹ ń bá jà.

Ṣé fáníìṣì, ẹrẹ̀ ọ́ìlì àti kábọ̀ọ̀nù kì í ṣe ohun kan náà?

Rárá, bí àwọn ènìyàn kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á lo oògùn ọ̀kan fún èkejì. Ẹrẹ̀ ọ́ìlì rọ̀, ó dúdú, ó sì ki. Inú ọkọ̀ tó ń rin ìrìn kúkúrú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tán, ni ó ti wọ́pọ̀, nítorí omi àti epo tí kò jó tán ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, wọn kò sì rí ooru tó tó láti fẹ́ lọ. Fáníìṣì ní tirẹ̀, ooru ló ń bí i. Kábọ̀ọ̀nù sì ni èyí tó gbẹ, tó dúdú, tó le, tí ẹ ó rí lórí pístìn, nínú ihò ríìngì àti níbi tí iná ti ń jó.

Ìyàtọ̀ yìí kan ewu tó wà nínú fífọ̀ pẹ̀lú. Fáníìṣì tinrin, kì í sábà ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹrẹ̀ ọ́ìlì lè já kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, kó wọ́ lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì wá ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì lára bẹ́ríìnì rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifọ ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí tó ń wò.

Kí ló ń mú kí fáníìṣì pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kan ju òmíràn lọ?

Ooru àti àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí mọ́tò bá ń rìn geere, ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì sábà máa ń gbóná tó 90°C sí 110°C, ṣùgbọ́n ní àyíká ríìngì pístìn, ooru lè kọjá 200°C. Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà gbẹ́kẹ̀ lé: bí ooru bá fi nǹkan bí 10°C ga sí i, yíyára tí ọ́ìlì fi ń bàjẹ́ máa ń di ìlọ́po méjì. Ẹ lè wá rí ìdí tí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, fi lè pọ́n nínú kíákíá bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Àìpààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò ni ẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn tí a kì í sábà kà sí tún wà. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló ń ru gbogbo ooru náà, yóò sì tètè gbó. Bí fáàfù PCV, èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, bá dí, gáàsì tó yẹ kó jáde á dúró sínú, á máa jẹ ọ́ìlì. Bí omi rédíétọ̀ bá ń yọ́ wọ inú ọ́ìlì, ìbàjẹ́ náà á yára gan-an. Ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, tún ní ìṣòro tirẹ̀: bí a bá pa á lójijì lẹ́yìn eré sísá, ọ́ìlì tó dúró nínú tọ́bò tó ṣì gbóná gidigidi á jóná mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe ẹ̀rọ náà tún ṣe pàtàkì. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Toyota gbé ètò àtúnṣe kan kalẹ̀ fún ju mílíọ̀nù mẹ́ta ọkọ̀ tó ṣe ní 1997 sí 2002, nítorí ẹrẹ̀ ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ní àìpààrọ̀ ọ́ìlì ló fà á. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ní bí a ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì náà ló fà á. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹ́ńjìnnì tí kò fàyè sílẹ̀ fún àṣìṣe yóò fi ìyà jẹ ẹni tó fi ìwọ̀nba kìlómítà kọjá àsìkò sáfíìsì, nígbà tí òmíràn á fara dà á.

Ṣé gbogbo fáníìṣì ló yẹ kó kó mi láyà sókè?

Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Fáníìṣì tó wà lábẹ́ ìdérí fáàfù, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ aláwọ̀ oyin, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì náà ní ibi kankan. Kò sí nǹkan tó ń yí níbẹ̀ tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lè dí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ti rìn jìnnà, tí wọ́n sì lágbára, ló ní irú rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ohun tí ojú rí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó lé lórí, nígbà tí èyí tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ wà níbi tí ojú kò dé.

Àwọn ibi tí fáníìṣì ti ń ṣọṣẹ́ nìwọ̀nyí. Èkíní ni ihò tí ríìngì pístìn jókòó sí, pàápàá ríìngì ìsàlẹ̀ tó ń gbá ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Lẹ́yìn ríìngì yìí ni àwọn ihò wínníwínní wà tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá dí, tí ríìngì sì lẹ̀ mọ́ ibi tó jókòó sí, ọ́ìlì á máa gòkè lọ jó, mọ́tò á sì máa jẹ ọ́ìlì. Èkejì ni àwọn ìtilẹ̀ fáàfù tó ń lo agbára ọ́ìlì. Àlàfo tó wà láàárín irin méjì nínú wọn kéré púpọ̀púpọ̀ sí irun orí ènìyàn, nítorí náà awọ fáníìṣì lásán tó láti mú kí ọ̀kan há, kí ẹ́ńjìnnì sì máa ró káká-káká ní òwúrọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò fáàfù padà nínú àwọn ọkọ̀ òde òní: fáàfù kékeré tó ń fún un ní ọ́ìlì lè lọ́ra tàbí kó há, kí iná ìkìlọ̀ sì tàn. Páìpù ọ́ìlì tó lọ sí tọ́bò náà wà lára wọn.

Ǹjẹ́ ọ́ìlì lásán lè fọ fáníìṣì kúrò?

Bẹ́ẹ̀ ni, dé ìwọ̀n kan, bí a bá sì fún un ní àkókò. Ọ́ìlì tí ẹ ń rà kì í ṣe epo tí a rọ sínú ìgò nìkan. Nǹkan bí ìpín 10 sí 25 nínú 100 rẹ̀ ni àwọn èròjà tí olùpèsè pò mọ́ ọn. Lára wọn ni àwọn èròjà afọ̀dọ̀tí, tí a fi kálísíọ́mù tàbí magnesium ṣe, tí wọ́n ń pa agbára ásíìdì, tí wọ́n sì ń lé ohun tó fẹ́ lẹ̀ kúrò lára irin gbígbóná. Àwọn mìíràn ni àwọn tó ń yí ìdọ̀tí kéékèèké ká, tí wọ́n ń gbé e lówọ̀ọ́wọ̀ọ́ nínú ọ́ìlì kó má bàa ṣù pọ̀, títí di ọjọ́ tí a ó tú ọ́ìlì náà dànù. Àwọn kan tún wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dènà kí ọ́síjìn má tètè ba ọ́ìlì jẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àwọn èròjà yìí fún ní pàtàkì ni dídènà: kí ẹ́ńjìnnì tó mọ́ má ṣe dọ̀tí. Ìdánwò tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ fi èyí hàn. Nínú ìdánwò Sequence VH, tó wà lára ohun tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kó tó gba àmì API SP (ìwé ẹ̀rí tí API, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù), wọ́n máa ń fi ẹ́ńjìnnì Ford kan ṣiṣẹ́ fún 216 wákàtí, wọ́n á tú u, wọ́n á sì fún ẹrẹ̀ àti fáníìṣì inú rẹ̀ ní máàkì, tí 10 túmọ̀ sí pé ó mọ́ tónítóní. Ẹ́ńjìnnì tó mọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì tó yege níbẹ̀ ti fi hàn pé ó lè pa ìmọ́tótó mọ́; kò tíì fi hàn pé ó lè fọ ohun tó ti gan fún ọdún púpọ̀.

Síbẹ̀, èròjà kan náà tó ń dènà ló ń fọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń falẹ̀. Ìgbàkígbà tí ọ́ìlì tuntun bá kọjá lára fáníìṣì, ó ń rọ̀ ọ́, ó sì ń bù nínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì náà bá wá gbó, tí èròjà rẹ̀ ti tán lórí ásíìdì àti èéfín, kì í lè fọ nǹkan kan mọ́, àní ó lè máa fi kún un. Èyí ni pípààrọ̀ lásìkò fi níye lórí ju orúkọ tó wà lára ìgò lọ.

Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Valvoline gbé ọ́ìlì kan jáde tí wọ́n pè ní Restore & Protect, tí wọ́n sì sọ gbangba pé ó ń fọ ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ pístìn kúrò. Ìlérí náà ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á wá, ó sì yẹ kí a máa rántí èyí. Ohun tó jọ mí lójú nínú rẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn kò sọ pé ìgbà kan ṣoṣo ti tó: wọ́n ní kí a lò ó léraléra, láti sáfíìsì dé sáfíìsì. Ìyẹn bá bí kẹ́míkà ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí mu.

Ṣé ọ́ìlì synthetic ń fọ̀ ju ti ìbílẹ̀ lọ?

Ọ́ìlì synthetic, èyí tí a fi kẹ́míkà ṣe àtúntò ìpìlẹ̀ rẹ̀, ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, nítorí náà fáníìṣì tuntun tó ń bí kéré. Èyí yàtọ̀ sí pé ó ń fọ̀. Àwọn ọ́ìlì tí PAO, irú ọ́ìlì synthetic kan, jẹ́ ìpìlẹ̀ wọn ń fara da ooru gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lè yọ́ ìdọ̀tí; ìdí nìyí tí àwọn olùpèsè fi máa ń pò wọ́n mọ́ ester tàbí alkylated naphthalene, tí àwọn méjèèjì máa ń fà mọ́ ohun tó lẹ̀ mọ́ irin, tí wọ́n sì ń rọ̀ ọ́. Ìgò kì í sábà sọ ìwọ̀n èyí tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ lè kà lára rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí: API SP tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, tàbí ìfọwọ́sí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, bíi MB 229.5 (ti Mercedes-Benz), VW 504 00 (ti Volkswagen) àti dexos1 (ti General Motors). Mo gbẹ́kẹ̀ lé àwọn àmì wọ̀nyí ju ọ̀rọ̀ dídùn tó wà níwájú ìgò lọ, nítorí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló béèrè fún wọn.

Èròjà tí wọ́n ní kí n dà sínú ọ́ìlì àtijọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ epo fúyẹ́fúyẹ́ tó fara jọ kẹrosíìnì, pẹ̀lú èròjà afọ̀dọ̀tí díẹ̀. A máa ń dà á sínú ọ́ìlì tó fẹ́ jáde, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú 5 sí 15, a ó sì tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ó lè rọ ẹrẹ̀ díẹ̀. Fáníìṣì tí ooru ti sè fún ọdún mélòó kan kò ní tìtorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣí, nítorí irú epo fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í lè yọ́ ohun tó ti di líle bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tó tú jáde, tí ẹni tó ń ta èròjà náà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ì bá tú jáde ní dúdú láìlo èròjà kankan.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹ́ńjìnnì tó ti dọ̀tí jù. Èròjà náà ń sọ ọ́ìlì di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tó ṣì wà lára bẹ́ríìnì. Ẹrẹ̀ tó já lè dí asẹ́ pọ́ǹpù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ kù sínú ẹ́ńjìnnì, kó bá ọ́ìlì tuntun pò. Ìwé atọ́nà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ General Motors sọ kedere pé kí a má ṣe fọ inú ẹ́ńjìnnì lọ́nà yìí, àti pé ìbàjẹ́ tó bá tibẹ̀ wá kò sí lábẹ́ ẹ̀rí ilé-iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá pinnu láti lò ó síbẹ̀, kí ó jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì tí ó dá a lójú pé kò ní ẹrẹ̀, kó má kọjá ìṣẹ́jú tí ìgò sọ, kó má tẹ ẹ́ńjìnnì náà, kó má sì wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan kó tó tú u.

Ṣé kẹrosíìnì, dísù tàbí ọ́ìlì gíà ọ̀tọmátíìkì lè ṣe iṣẹ́ kan náà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kẹrosíìnì àti dísù kò ní ohunkóhun tó ń dáàbò bo bẹ́ríìnì. Epo pẹtiróòlù burú jù wọ́n lọ, nítorí èéfín rẹ̀ lè gbiná nínú ẹ́ńjìnnì. Ní ti ọ́ìlì gíà, ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan ni pé ó kún fún èròjà ìfọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé èròjà afọ̀dọ̀tí inú rẹ̀ kéré sí ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gidi. Ẹni tó yọ lítà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan kó lè fi ọ́ìlì gíà dípò rẹ̀ ti dín agbára ìfọ̀ kù.

Àwọn èròjà tí a máa dà sínú ọ́ìlì tuntun, tí a ó sì máa wà á bẹ́ẹ̀, ńkọ́?

Àwọn wọ̀nyí ti wà tipẹ́: Marvel Mystery Oil ti wà láti 1923. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àpòpọ̀ ọ́ìlì tinrin àti epo fúyẹ́, wọ́n sì ń fọ̀ jẹ́jẹ́ ju àwọn oníṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí àkókò tí wọ́n ní pọ̀. Àwọn kan wà tí ester jẹ́ ìpìlẹ̀ wọn, mo sì gbà pé nínú gbogbo ohun tí à ń tà sínú ìgò, àwọn yìí ni kẹ́míkà tì lẹ́yìn jù.

Ohun tó ń fà mí sẹ́yìn ni pé àwọn èròjà inú ọ́ìlì ni a ti wọ̀n sí ara wọn. Bí a bá da nǹkan mìíràn sí i, ọ́ìlì lè tinrin ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ́ lọ, tàbí kí èròjà kan máa bá òmíràn du ojú irin. Ìwé atọ́nà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní kí a má da ohunkóhun kún ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rí ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Bí kò bá sí, tí ẹ sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kí ó jẹ́ irú kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ní ìwọ̀n tí ìgò sọ tàbí kó dín sí i, kí ẹ sì tètè tú ọ́ìlì náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mo ń da èròjà ìfọ̀ sínú táńkì epo. Ṣé kò ní fọ fáníìṣì náà?

Ibòmíràn ló ń fọ̀. Èyí tó ní polyetheramine, tí a ń pè ní PEA, dára gan-an fún ẹnu ohun tó ń fọ́n epo àti fún iyàrá tí iná ti ń jó, ṣùgbọ́n kì í dé ìdérí fáàfù tàbí ìtilẹ̀ fáàfù. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, kò tilẹ̀ lè fọ ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nítorí epo kì í kọjá níbẹ̀.

Ọ́ìlì tuntun tí mo dà sí i dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣé ó ti ń fọ̀ nìyẹn?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, èéfín ló ń sọ ọ́ìlì di dúdú, kò sì gbà ju ìgbà díẹ̀ lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, ìyókù ọ́ìlì àtijọ́ tí kò tú jáde tán lè kun tuntun láwọ̀. Àwọ̀ nìkan kò ṣeé fi ṣe ìdájọ́.

Mẹkáníìkì mi ní kí n lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù nínú ọkọ̀ pẹtiróòlù nítorí pé ó ń fọ̀ dáadáa. Ṣé òótọ́ ni?

Ìmọ̀ràn yìí ní ìpìlẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí èròjà afọ̀dọ̀tí inú ọ́ìlì dísù pọ̀ ju ti pẹtiróòlù lọ dáadáa. Lónìí, ohun méjì ló yẹ kí ẹ bi mẹkáníìkì yín. Èkíní ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì: àmì ILSAC, ìyẹn ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gbé kalẹ̀ fún ọ́ìlì, kò gbà kó kọjá ìpín 0.08 nínú 100 nínú ọ́ìlì pẹtiróòlù tinrin, nítorí pé ó ń ba catalytic converter tó wà lára sàlẹ́ńsà jẹ́, nígbà tí ọ́ìlì tó ní àmì CK-4, àmì API fún ẹ́ńjìnnì dísù, lè ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì kan ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò tó sì ń fọ́n epo tààrà: kálísíọ́mù púpọ̀ nínú ọ́ìlì máa ń dá kún kí epo gbiná ṣáájú àkókò nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, èyí tó lè fọ́ pístìn. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì API SP fi dín kálísíọ́mù kù, tí wọ́n sì fi magnesium rọ́pò apá kan rẹ̀. Àyàfi bí ọ́ìlì dísù náà bá gbé àmì pẹtiróòlù tí ìwé atọ́nà ọkọ̀ yín béèrè, tó sì ki bó ṣe yẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Mọ́tò mi ń jẹ ọ́ìlì nítorí ríìngì tó lẹ̀. Kí ni mo lè ṣe kí n tó tú ẹ́ńjìnnì?

Níbi yìí gan-an ni sùúrù ti níye lórí. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ríìngì ni: ẹ wo bóyá ọ́ìlì ń jò síta, ẹ sì wo fáàfù PCV, nítorí èyí tó bàjẹ́ lè fa ọ́ìlì gòkè, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì tó dára tí a ń pààrọ̀ ní kùtùkùtù, léraléra, ni kó jẹ́ ìgbìyànjú àkọ́kọ́.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á da èròjà ìfọ̀ sórí pístìn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kó lè rọ ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ríìngì. Ó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun olómi kò ṣeé fún pọ̀: bí a bá dá púlọ́ọ̀gì padà kí èròjà náà tó jáde tán, tí a sì tẹ sítáàtà, irin tó gbé pístìn lè tẹ̀. Nígbà tí gbogbo púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta ni a máa ń yí ẹ́ńjìnnì kí ohun tó ṣẹ́ kù lè tú jáde, kí a bo ihò wọn pẹ̀lú aṣọ, kí a sì tú ọ́ìlì dànù kí ẹ́ńjìnnì náà tó ṣiṣẹ́, nítorí èròjà náà ti yọ́ lọ bá a nísàlẹ̀.

Ètò wo ni ẹ lè dámọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ fi ọ́ìlì fọ̀ ọ́?

Ẹ wá ohun tó fà á ná. Fáàfù PCV, ìwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì, omi rédíétọ̀ tó ń dín kù láìjẹ́ pé ó ń jò síta, àti ìwọ̀n ọ́ìlì lára ọ̀pá rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Fífọ ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣe fáníìṣì lójoojúmọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí kò ní tán.

Bí ẹ bá ti yanjú ìyẹn, ẹ ra ọ́ìlì tí kíki rẹ̀ àti àmì rẹ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé atọ́nà mu, pẹ̀lú fíltà tó dára. Ẹ tú u ní nǹkan bí 3,000 sí 5,000 kìlómítà ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ fíltà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí òun ló ń gba ohun tó bá já. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó padà sí àsìkò tí ìwé atọ́nà sọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa rin ìrìn tó gùn tó láti mú kí ọ́ìlì gbóná tán. Ọ́ìlì máa ń pẹ́ ju omi rédíétọ̀ lọ kó tó gbóná, nítorí náà ẹ má fi àmì ooru ojú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ṣe ìwọ̀n. Láàárín àkókò yìí, ẹ máa wo ọ̀pá ọ́ìlì lemọ́lemọ́, bí iná tó ń sọ̀rọ̀ nípa agbára ọ́ìlì bá sì tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà lójú ẹsẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ ya fọ́tò ibi kan náà láti ojú ihò ọ́ìlì, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ bákan náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Kámẹ́rà kékeré onípáìpù wúlò fún èyí. Ẹ gé fíltà àtijọ́ ṣí, kí ẹ wo ohun tó wà láàárín bébà rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n ọ́ìlì tí ẹ fi kún un sílẹ̀, nítorí bí jíjẹ ọ́ìlì bá ń dín kù, àmì rere ni pé ríìngì ti ń tú. Yàrá àyẹ̀wò ọ́ìlì náà lè sọ bí ọ́síjìn àti náítírójìn ṣe ti ba ọ́ìlì jẹ́ tó, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yẹn ń sọ ipò ọ́ìlì. Kò sọ iye fáníìṣì tó kù lára irin.

Wọ́n ní bí fáníìṣì bá kúrò, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe fífọ̀ ló ń ba rọ́bà jẹ́. Bí rọ́bà tó ti gbẹ, tó sì ti sán, bá ní ìdọ̀tí tó dí ojú rẹ̀, yíyọ ìdọ̀tí náà lè jẹ́ kí jíjò hàn. Rọ́bà náà ti bàjẹ́ ṣáájú, pípààrọ̀ rẹ̀ sì ni ojútùú.

Nígbà wo ni kí n jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, kí n jẹ́ kí wọ́n tú u?

Nígbà tí ẹrẹ̀ tó nípọn bá ti bo àwọn irin lábẹ́ ìdérí fáàfù, nígbà tí agbára ọ́ìlì bá ń lọ sílẹ̀, tàbí nígbà tí bẹ́ríìnì bá ti ń ró. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó mọ́gbọ́n wá ni kí a já páànù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí a fọ asẹ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì, kí a fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ ìdérí fáàfù, kí a sì pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ó ń gba ọjọ́ iṣẹ́, ó sì ń gba owó ju ìgò kan lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ọwọ́ kó jáde kò lè dí asẹ́ náà mọ́. Fáníìṣì tó bá kù lára irin lẹ́yìn èyí, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ọ́ìlì tuntun láti máa bù jẹ́jẹ́.